Ẹ Gbé E Fún Ìyá Àgbà

Ní Lougba, lápá Bantè, bí ìkórè kajú bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, fóònù ló kù táwọn ọ̀dọ́ ń tẹ̀. Eré bọ́ọ̀lù àti eré ìbọn ni gbogbo rẹ̀. Ta ló ráyè eré tí ènìyàn kàn ń tọ́ka sí nǹkan, kó mú un, kó fi sápò, kó wá máa ronú ibi tí yóò ti wúlò?

Iṣẹ́ ìyá àgbà gan-an nìyẹn, ẹni tí kì í ju okùn jíjá nù! Nínú eré The Secret of Monkey Island (1990), adìyẹ rọ́bà tó ní kẹ̀kẹ́ okùn láàárín ni akọni fi ń kọjá sí erékùṣù kan. Àwọn ọmọ-ọmọ ìbá ti sọ ọ́ sí ààtàn.

Ìyẹn ṣì lókìkí. Èyí tí wọ́n gbàgbé ni Loom, eré Brian Moriarty, ọdún 1990 kan náà. Ọmọ ahunṣọ ló ń fi ohùn orin mẹ́rin-mẹ́rin pidán níbẹ̀. Orin tó ń ṣí nǹkan, bí o bá kọ ọ́ láti ìdí wá sórí, á tì í. Fún àwa tí dò-re-mí wà lẹ́nu wa láti kékeré, ojúsàájú pọ́ńbélé ni. Akọni Loom kì í kú. Ẹ má sọ fáwọn oníbọn.

Bí owó bá ṣòro, eré irú èyí kan, Beneath a Steel Sky (1994), ti di ọ̀fẹ́ láti 2003. Ètò ScummVM, tó ń gbé e ṣiṣẹ́ lórí fóònù Android, kò gba fáráńkì kan. Ẹ gbà á sílẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà kọ́kọ́ ṣe é.