Ẹ Gbà Mí Lọ́wọ́ Àmín!

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́! Mi ò jalè, mi ò gba ìyàwó oníyàwó, mi ò jẹ ẹnikẹ́ni lówó. Ẹ̀ṣẹ̀ mi kan ṣoṣo ni pé mi ò gbà pé Ọlọ́run wà, ìyẹn náà ni gbogbo ìlú wá ń fi jẹ mí níyà látàárọ̀ ṣúlẹ̀!

Mi ò tíì bọ́jú tán tí ìyà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá onílé á ní, "Ṣé dáadáa la jí?" Mo ní dáadáa ni. Kò tó o! Wọ́n á di ìgbálẹ̀ mú, wọ́n á tẹjú mọ́ mi, àfi ìgbà tí mo bá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kí wọ́n tó máa gbálẹ̀ wọn lọ. Mo sín, àdúrà. Mo ra ẹ̀kọ, àdúrà. Tí mi ò bá sì ṣàmín, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn: "Bùọ̀dá, àbí ẹ ò fẹ́ kó dáa fún wa ni?" Lọ́jà Wàǹdó, mo rajà 950 fràǹkì, mo na 1,000 sí ìyá onígàrí, wọ́n tú etí ìró, wọ́n tún un dì, wọ́n ní, "Kò sí ṣéńjì, Ọlọ́run á fi púpọ̀ dípò rẹ̀." Owó mi ti dọrẹ ṣọ́ọ̀ṣì!

Ìlú tí Wòlíì Oshoffa ti dá Ìjọ Mímọ́ sílẹ̀ ní 1947 rèé, ìlú tí mọ́ṣáláṣí ńlá tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kọ́ ti jọ ṣọ́ọ̀ṣì bí ìbejì. Onísùtánà, mùsùlùmí, ọmọ awo Zangbeto, wọ́n jọ ń jẹran iléyá, wọ́n jọ ń jẹ ìrẹsì kérésì. Èmi tí mi ò bá ẹnikẹ́ni du ọ̀run nìkan ni gbogbo wọn pawọ́ pọ̀ ń káàánú!

Aránṣọ mi ńkọ́? Ó ní ọjọ́ Jímọ̀, ìn ṣá Allah. Jímọ̀ dé, aṣọ ò dé, ó ní ọjọ́ Àlàmísì lágbára Ọlọ́run, Àlàmísì dé, mo bá bùbá lórí ẹ̀rọ, ọwọ́ kan ló ní, mo lọgun, ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó ní kí n ní sùúrù, àkókò Ọlọ́run ló dára jù, háà, ṣé Ọlọ́run ló gbowó lọ́wọ́ mi ni, ṣé Ọlọ́run ló wọn ìdí mi, ó fi ẹni tí mi ò mọlé rẹ̀ ṣe onídùúró, ta ni kí n wá lọ bá jà?

Ẹ ó ní kí n lọ bá ìjọba. Ìjọba wo? Òfin ìpìlẹ̀ 1990 ní orílẹ̀-èdè Benin yìí kì í ṣe ti ẹ̀sìn kankan, òfin yẹn kan náà ló ní kí ààrẹ búra níwájú Ọlọ́run àti ẹ̀mí àwọn baba ńlá! Ọ̀gágun Kérékou, ààrẹ tó kéde ní 1974 pé ọ̀nà Marx àti Lenin la máa tọ̀, nígbà tó padà dórí oyè ní 1996, àwọn baba ńlá nìkan ló fò nínú ìbúra rẹ̀, kò fo Ọlọ́run o, síbẹ̀ ilé ẹjọ́ òfin ìpìlẹ̀ ní kó wá tún búra, ó sì tún búra! Tí ọ̀gágun ò bá rí ọ̀rọ̀ kan fò, ta ló máa gba tèmi rò?

Ó tó gẹ́ẹ́! Láti òní lọ, títà ni àmín mi: 50 fràǹkì lẹ́ẹ̀kan, kò sí àwìn. Kẹ́nikẹ́ni má sì sọ fún mi pé Ọlọ́run á san án.