Rédíò Tó Hu Irùngbọ̀n

Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ní Kpankou, ní ilẹ̀ Kétu ní Bẹ̀nẹ̀. Rédíò mẹ́ta wà níbẹ̀ tí wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tí Ààrẹ Kérékou ṣì wà lórí oyè. Ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kan wà níbẹ̀ tí eku ti jẹ wáyà rẹ̀ tán, tí eku náà sì ti kú. Tẹlifíṣọ̀n ńlá kan wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, èyí tó gbé ikùn sẹ́yìn bí aboyún tó ṣìnà, tí adìẹ ìyàwó mi ń yé sí lórí. Títí di oṣù tó kọjá, òṣì ni mo rò pé mo ń kó jọ. Ìyàwó mi náà rò bẹ́ẹ̀, òun kì í sì í fi èrò rẹ̀ pamọ́.

Àfi ìgbà tí àbúrò mi tó ń gbé Kútọnu wá kí wa. Ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kúnlẹ̀ bí ẹni rí òrìṣà, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kọlẹkisíọ̀n lẹ ní yìí!” Mo kọ́kọ́ rò pé orúkọ àìsàn ni. Mo bi í bóyá ó máa ń ràn. Ó ní ó ń ràn gan-an.

Ó wá là mí lóye. Ní Yúróòpù, ní Amẹ́ríkà, ní Jàpáànì, àwọn ènìyàn pàtàkì wà tí wọ́n ń wá rédíò àtijọ́ kiri. Wọ́n á rà á, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á nù ún títí yóò fi máa dán bí orí olóyè, wọ́n á gbé e sórí pẹpẹ. Mo ní, “Wọ́n á wá máa fi gbọ́ ìròyìn?” Ó ní rárá o, wọ́n ní fóònù tí wọ́n fi ń gbọ́ ìyẹn. Mo ní, “Ta ló ń sanwó iṣẹ́ náà fún wọn?” Ó ní àwọn fúnra wọn ló ń náwó sí i.

Ọjọ́ náà ni mo mọ ohun tó ya òṣì sọ́tọ̀ kúrò lára afẹ́. Ẹni tó ní rédíò ògbólógbòó kan ṣoṣo, tálákà ni. Ẹni tó ní ogójì, tí ẹyọ kan ò sọ̀rọ̀ nínú wọn, ọ̀mọ̀wé ni. Tèmi jẹ́ mẹ́ta. Mo ti kúrò nínú òṣì, mi ò tíì dé ibi ọ̀mọ̀wé.

Ẹ má fi rédíò ṣẹ̀sín o, nǹkan gidi ni nígbà ayé rẹ̀. Ọdún 1954 ni wọ́n kọ́kọ́ ta rédíò onítìránsísítọ̀ ní Amẹ́ríkà, Regency TR-1, dọ́là 49 àti sẹ́ǹtì 95. Ní 1957, Sony ti Jàpáànì gbé TR-63 jáde, wọ́n ní yóò wọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì. Kò wọ̀ ọ́. Akio Morita, ọ̀kan lára àwọn tó dá Sony sílẹ̀, sọ fúnra rẹ̀ pé ṣẹ́ẹ̀tì tí àpò rẹ̀ fi díẹ̀ tóbi ju ti ìgbàgbogbo lọ ni àwọn rán fún àwọn tó ń polówó rẹ̀. Ní Kpankou, a ò nílò aránṣọ. Kò sí nǹkan kan nínú àpò wa tó lè dí rédíò lọ́nà.

Àwọn ará wa lódìkejì bodè ló sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé ẹ̀rọ ni wọ́n fún ní orúkọ yẹn, nígbà tí ìjọba wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ọdún 1953 ni rédíò bẹ̀rẹ̀ ní Kútọnu, kò sì pẹ́ tó fi di pé òun ló ń sọ fún wa irú ẹni tí a jẹ́. Ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 1972, ó ní àwọn ológun ti gbàjọba. Ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 1975, a sùn ní Dàhòmì, a jí ní Bẹ̀nẹ̀. Nígbà tí rédíò bàbá mi sọ èyí fún un, ó ní kò burú, ṣé bátìrì ò ní gbówó lórí? Nígbà tí Bob Denard àtàwọn jagunjagun rẹ̀ tó ń torí owó jà já lu Kútọnu ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní 1977, orí rédíò náà ni Kérékou ti ké sí aráàlú.

Rédíò Philips bàbá mi yìí gan-an, ọ̀kan lára mẹ́ta abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ni èmi àti àbúrò mi gbé lọ, pẹ̀lú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì, sọ́dọ̀ bàbá tó ń tún rédíò ṣe. Ó ti lé lógójì ọdún tó ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, lábẹ́ igi máńgòrò kan náà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Bàbá, mo mú ìròyìn ayọ̀ wá. Afẹ́ lẹ ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá.” Ó wò mí lókè dé ilẹ̀. “Afẹ́? Ṣé afẹ́ ni mo wá fi rán ọmọ márùn-ún níléèwé?” Mo rí i pé kò tíì gbọ́ ọ̀làjú.

Ó tú ikùn rédíò náà, ó fi èékánná kan agolo bíńtín kan níbẹ̀. Ó ní, “AF117. Ó ti hu irùngbọ̀n.”

Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ní àwọn ọdún 1960, inú ọ̀pọ̀ rédíò Yúróòpù ni wọ́n ń fi irú tìránsísítọ̀ bẹ́ẹ̀ sí, láti AF114 dé AF117. Inú agolo kékeré ló ń gbé. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, tánńganran tó wà lára agolo náà á máa hu irun wẹ́wẹ́, tó tín-ín-rín ju irun orí ènìyàn lọ. Lọ́jọ́ tí irun náà bá kan ohun tó wà láàárín, rédíò á yadi. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbátí tí bàbá mi máa ń gbá rédíò rẹ̀, tí gbogbo wa ń rò pé ìbínú ni, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni! Ìgbátí á gé irun, rédíò á sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, irun á tún hù. Mo mọ àwọn àgbààgbà kan nínú ìṣèlú tí irú irùngbọ̀n yìí ti pa ohùn mọ́ nínú. Ìbò ni ìgbátí tiwọn, a kì í sì í tètè rí wọn gbá.

Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni tìránsísítọ̀ náà ní. Bàbá gé èyí tó so mọ́ agolo, ó ní ó parí. Àbúrò mi fọwọ́ lérí. “Ẹ ti bà á jẹ́! Ojúlówó gbọdọ̀ wà bó ṣe wà!” Ní ti àwọn olùkójọ, bí nǹkan bá bàjẹ́, irú rẹ̀ gan-an, ti ọdún náà gan-an, ni kí a fi pààrọ̀. Bàbá ò mọ òfin yẹn. Tíúbù kẹ̀kẹ́ ló gé ṣe rọ́bà ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì mi. Ọtí sódabì ló fi nu orí rẹ̀, ó sì mu ìyókù. Bátìrì tó ti rẹ̀, ó sá a sóòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èlùbọ́. Àbúrò mi ń sunkún, kásẹ́ẹ̀tì ń kọrin.

Ẹ̀rù tiẹ̀ ń bà mí nípa àwọn olùkójọ yìí, torí pé a ti rí irú wọn rí. Ní ilẹ̀ Kétu wa níbí, orí ènìyàn ni gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń gbé, ó ń jó, ó ń bú olè, ó ń yin ìyá. Wọ́n kó o lọ sínú gíláàsì ní ìlú òyìnbó. Ó wà níbẹ̀ títí dòní, ó ń wo àwọn tó wá wò ó bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá 2021, tí Faransé dá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Àgbọ̀mẹ̀ 26 padà, tìlù tìfọn la fi pàdé wọn. Mo wá ń rí ọgọ́rùn-ún ọdún sí i: àwọn ọmọ wa á kọ lẹ́tà sí Faransé pé kí wọ́n dá rédíò Philips baba wa padà, Hóláńdì á sì kọ lẹ́tà tirẹ̀ pé òun gan-an ló ṣe é.

Nítorí náà, mo dá a lábàá pé kí Kpankou tètè sọ ara rẹ̀ di mùsíọ́mù, kí a máa gba owó ìwọlé. A kò ní wá ẹrù jìnnà. Ọ̀nà oko wa ti tó wọ kọlẹkisíọ̀n: ojúlówó ni, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án rí. Ìlérí ìbò ńkọ́? A ní ti gbogbo ọdún, kò sí èyí tí wọ́n tíì lò nínú wọn. Ohun a ní là á náání. Ọmọ aṣẹ́gità a máa náání èèpo igi.

Bí mo ti ń ro èyí lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ tí a ti ọ̀dọ̀ bàbá dé, rédíò Philips náà hó, ó húkọ́, ó dákẹ́, ó tún húkọ́. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ohùn kan jáde láti òdìkejì bodè, Yorùbá ni, kò san owó kọ́sítọ́ọ̀mù kankan. Ìyá mi gbọ́ ọ láti yàrá rẹ̀. Ó wọlé wá, kò kí ẹnikẹ́ni, ó gbé rédíò mọ́ àyà.

Mo ní, “Ìyá mi, kọlẹkisíọ̀n ni o.”

Ó ní, “Rédíò ọkọ mi ni.”

Ibẹ̀ ló wà láti ọjọ́ náà. Ó ń sọ̀rọ̀ láti ìdájí títí di alẹ́, èmi ni mo ń ra bátìrì. Ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tó ń kọrin náà, àwọn ọmọ mi ti gbé e lọ. Ó ku rédíò méjì àti tẹlifíṣọ̀n adìẹ. Bàbá ní kí n gbé wọn wá, kò ní gba owó púpọ̀. Mi ò dáhùn. Bí wọ́n bá fi lè sọ̀rọ̀ pẹ́nrẹ́n, mo ti padà di tálákà nìyẹn.