Ìbejì Lábẹ́ Corolla

Ahun ṣíṣe ló kó mi sí i, kì í ṣe ìmọ̀. Ọ̀gá mẹkáníìkì tó ń tọ́jú Corolla mi fowó lé owó iṣẹ́, inú sì bí mi. Kí ló ń ṣe gan-an? Á ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wọ abẹ́ mọ́tò, ọmọ á tú nọ́ọ̀tì kan, kọndẹ́ẹ̀mù ọ́ìlì á dà, wọ́n á pààrọ̀ fílítà, wọ́n á da ọ́ìlì tuntun sí i, ó tán. Òun fúnra rẹ̀ á jókòó sórí táyà, á máa jẹ ẹ̀pà. Mo wo fídíò kan lórí YouTube. Ọ̀gbẹ́ni inú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó parí iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ò dọ̀tí. Mo sọ fún ìyàwó mi pé a ò tún ní sanwó mẹkáníìkì mọ́ nílé yìí. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, fáànù tẹ́ ẹ tú lọ́dún tó kọjá ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì o." Mi ò dá a lóhùn.

Mo gba Agodi Géètì lọ, níbi tí àwa ará Ìbàdàn ti ń ra ẹ̀yà ara ọkọ̀. Mo ra fílítà àti gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì oní-lítà mẹ́rin. Corolla ọdún 2004 tèmi, lítà 3.7 ló ń gbà. Ẹni tó tajà bi mí pé ta ni mẹkáníìkì mi. Mo ní èmi ni. Ó wò mí láti orí dé bàtà, ó wá fi àkísà kan kún ọjà mi, ó ní òun ò gbowó ìyẹn.

Bí mo ṣe délé ni mo fi jáàkì gbé imú mọ́tò sókè. Mo ń gbé búlọ́ọ̀kù bọ̀ láti fi tì í, àfi bí Bàbá Onílé ṣe ké láti ojú fèrèsé: "Ṣé inú ọgbà mi lo fẹ́ kú sí ni? Búlọ́ọ̀kù á rún, mọ́tò á jókòó lé ọ láyà!" Òótọ́ ni. Búlọ́ọ̀kù oníhò kì í sọ fún èèyàn kó tó fọ́. Baba bá mi yí rìímù ọkọ̀ akẹ́rù kan jáde lẹ́yìn ilé, òun la fi tì í. Ó tún bi mí bóyá mo ti bọ Ògún. Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe.

Sípánà 14 ló bá nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnnì mu. Mi ò ní 14. Èyí tí wọ́n ń yí lẹ́nu kó fẹ̀ ni mo ní. Téèyàn bá sì fẹ̀yìn lélẹ̀ tó ń wòkè, ọ̀tún a máa di òsì mọ́ ọn lójú. Mo fa nọ́ọ̀tì yẹn títí, mo ń làágùn, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, kí n tó mọ̀ pé ńṣe ni mò ń dì í le sí i. Nígbà tó gbà láti tú, ó tú lẹ́ẹ̀kan náà. Fídíò ní ọ́ìlì tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló ń tètè dà. Ti ọ̀gbẹ́ni yẹn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé, ó ń jóni. Ó gba ọwọ́ mi wọ abíyá. Mo ké, mo forí sọ irin, nọ́ọ̀tì já bọ́ sínú bàsíà. Bàsíà wo? Èyí tí ìyàwó mi fi ń fọ aṣọ àwọn ọmọ.

Fílítà ò tú. Mo rántí pé àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń fi súkúdíráfà gún un já, kí wọ́n tó yí i. Mo gún tèmi, páànù rẹ̀ ya yí ká, orí rẹ̀ kù mọ́ ẹ́ńjìnnì. Òòlù ni mo fi lé e títí ó fi bọ́. Mo fi ọ́ìlì pa rọ́bà fílítà tuntun bí fídíò ti wí, mo yí i wọlé. Ọ́ìlì tí mo fi pa rọ́bà yẹn wú mi lórí gan-an. Mo ti di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́.

Mo dá nọ́ọ̀tì padà, mo da ọ́ìlì tuntun sí i, mo wá pe ìyàwó àti ìbejì jáde wá wòran. Mo ṣáná. Iná pupa ọ́ìlì kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, bó ṣe yẹ kó kú. Mo tẹ tọ́rótù díẹ̀ kí wọ́n lè gbóhùn rẹ̀.

Kẹ́hìndé ní, "Dádì, mọ́tò ń tọ̀ o."

Ó ń tọ̀ lóòótọ́. Ọ́ìlì tuntun, tó mọ́ gaara, ń tú yàà sórí kọnkéré. Kí n tó pa á, owó mi ti ń ṣàn lọ sí gọ́tà.

Ọ̀gá mẹkáníìkì wà níbi ìnáwó, ó rán ọmọ iṣẹ́. Ọmọ náà ò tilẹ̀ wọ abẹ́ mọ́tò. Ó kúnlẹ̀, ó nawọ́ sábẹ́, ó tú fílítà, ó fi èékánná họ nǹkan lókè ibẹ̀, ó fà á jáde: rọ́bà dúdú roboto kan. Ti fílítà àtijọ́ ni. Ó ti lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, mo sì gbé tuntun lé e lórí. Rọ́bà méjì kì í dúró léra wọn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti fi agbára ti ọ́ìlì báyìí, ọ̀kan á yẹ̀.

"Bàbá Ìbejì," ọmọ náà wí, kò rẹ́rìn-ín, "ẹ kú oríire. Fílítà náà bí ìbejì."

Mo ra gálọ́ọ̀nù mìíràn. Bàbá Onílé gbé kọndẹ́ẹ̀mù ọ́ìlì lọ tòun ti bàsíà, ó fẹ́ fi kun pákó òrùlé nítorí ikán. Òun nìkan ló jèrè lọ́jọ́ náà. Mo fún ọmọ iṣẹ́ lówó kó má sọ ẹni tó ṣe é. Ọ̀gá rẹ̀ pè lálẹ́, ó ní òun gbọ́ pé ẹnì kan ti ba mọ́tò jẹ́ kí n tó ké sí àwọn, pé owó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́tọ̀. Mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ni.

"Ẹ má gbé mọ́tò yín fún onítọ̀hún mọ́ o. Kò mọṣẹ́."

Mo ní mo ti lé e lọ.