Sókótó Ti Dé Mile 12

Àwọn àgbà tó ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà, ìgbà tí Sókótó ṣì jìnnà ni wọ́n pa á lówe, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó bá dágbére ibẹ̀, àdúrà àlọ-àbọ̀ ni ará ilé fi ń sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, tí ìyàwó rẹ̀ yóò sì máa ka oṣù. Bí wọ́n bá lè jí wo ayé òní, ẹ̀rín ni wọn ì bá rín títí, nítorí Sókótó ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá wa: ó kó àlùbọ́sà sínú ọkọ̀ àjàgbé, ó sọdá odò Ọya ní Jẹ́bà, ó gba Ìlọrin, ó gba Ìbàdàn, ó sì gúnlẹ̀ sí Mile 12 ní ìjọba ìbílẹ̀ Kosofe. Síbẹ̀, ọmọ Ketu tó ń wá ọgbọ́n káàkiri ayé ń fọwọ́ bo imú kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ wa ni mò ń bá wí, àwọn tó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn olùgbani-níyànjú òde òní pé ẹni tó bá kọ́ èdè àjèjì, ọpọlọ rẹ̀ yóò jí pépé, ìwà rẹ̀ yóò gún, ojú rẹ̀ yóò sì là sí ohun tí kò rí rí. Irọ́ kọ́ o. Ẹ wò wọ́n láàárọ̀ nínú bọ́ọ̀sì BRT, tó ti ń ná Mile 12 sí CMS láti ọdún 2008: okùn fóònù wà létí, ètè ń jó, wọ́n ń fi èdè Faransé bi afẹ́fẹ́ léèrè pé níbo ni ilé ìkàwé wà. Òwìwí aláwọ̀ ewé kan, àmì áàpù ìkọ́-èdè Duolingo, ni olùkọ́ wọn. Òwìwí tó jẹ́ pé bí ó bá ké lórí òrùlé lóru, ìbọn ni àwọn bàbá wa ń kì, òun ni ọmọ wọn wá ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá pa ẹ̀kọ́ jẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo! Ní 2018, ẹyẹ yìí ṣí kíláàsì Klingon, èdè tí wọ́n fọwọ́ hun fún àwọn abàmì ẹ̀dá inú sinimá Star Trek. Lọ́dún náà, Haúsá àti Yorùbá kò sí lára ohun tó ń kọ́ni.

Ẹ wá wọ ọjà kí ẹ rí akẹ́kọ̀ọ́. Ìyá alátà kan, tí ẹnikẹ́ni kò gba owó ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, dúró níwájú apẹ̀rẹ̀ tòmátò tó ti Kano dé, ó kí ọlọ́jà pé, "Ina kwana?", ó béèrè ará ilé, ó béèrè bí ọ̀nà ti rí, ẹ̀yìn ìyẹn ló tó sọ pé, "Nawa ne?" Nígbà tí ọkùnrin náà pe iye, kò bú u, kò pòṣé, ó ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn tó ti fọ́ fara pamọ́ sí lábẹ́ àwọn tó ń dán, ó fa ọ̀kan yọ tí omi ń kán tótó lára rẹ̀, ó sì gbé e sókè láìsọ̀rọ̀. Onítòmátò bú sẹ́rìn-ín, ó fi Yorùbá dá a lóhùn pé, "Màámi, gbogbo ìka kọ́ ló dọ́gba," ó sì yọ owó kúrò níbẹ̀. Kí ìyá yìí tó gbọ́ Haúsá tó bẹ́ẹ̀, a ti fi í rẹ́rìn-ín lójú ọjà. Ó ti kọ́ sùúrù, ó ti kọ́ kí á gbọ́ tẹnìkejì kí á tó sọ tiwa, ó sì ti mọ̀ pé ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Àbókí ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́.

Èwo ni ti ìdàgbàsókè tó tún ju èyí lọ? Àmọ́ kò ní iyì. Kò sí ẹni tó ń fi Haúsá yangàn níbi ìnáwó. Ìjọba pàápàá kò yàtọ̀: Ọ̀gágun Sani Abacha, ọmọ bíbí Kano, ló kéde ní 1996 pé Faransé ni yóò di èdè ìjọba wa kejì. N kò bú Faransé, nítorí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Àdéhùn ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní 1889 ló gbé Kétu, ìlú Alákétu, kì í ṣe Ketu ti Èkó o, sí ọ̀dọ̀ Faransé, òun ni wọ́n sì fi ń kọ ìwé ìjọba níbẹ̀ dòní. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ òwìwí bá gbé Faransé tó ti dán bíi dígí dé ọjà Kétu, Yorùbá ni àwọn ìyá ibẹ̀ yóò fi kí i káàbọ̀.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Haúsá àti àwọn ará Ketu ti Èkó níbí, tí ẹ̀mí ṣòfò, tí Gómìnà Akinwunmi Ambode sì ti ọjà Mile 12 pa, ẹnikẹ́ni kò wá ògbufọ̀ Faransé.

Ẹ̀yin ọmọ Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n, kí ẹ tó wọ BRT lọ́la, ẹ yọ okùn létí, ẹ yà sọ́dọ̀ alálùbọ́sà, kí ẹ sì kí i ní èdè rẹ̀. Yóò fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kó rín in tán, kí ẹ tún un sọ.