Ta Ló Kó Mọ́ńkí Póòsù Wa Lọ sí Jàpáànù?

Ẹ̀yin ará Ìwòpin, ẹ dákẹ́ ariwo ná, ẹjọ́ ni mo wá fi sùn yín. Wọ́n ti kó mọ́ńkí póòsù wa lọ. Eré tí à ń gbá létí ọ̀sà, sílípáàsì méjì níhìn-ín, sílípáàsì méjì lọ́hùn-ún, àwọn ará Jàpáànù ti gbé e wọ gbọ̀ngàn, wọ́n tẹ́ ilẹ̀ dídán sí i, wọ́n tan iná lé e lórí, wọ́n sì ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà. F.League ni wọ́n pe líìgì náà, ọdún 2007 ni wọ́n sì fi ẹgbẹ́ mẹ́jọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Fútsàlì ni orúkọ oyè tí eré yìí ń jẹ́ lẹ́yìn odi. Mọ́ńkí póòsù ni orúkọ àbísọ rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀mọ̀wé kan á dìde pé Juan Carlos Ceriani ló dá a sílẹ̀ ní Montevideo, ní Uruguay, lọ́dún 1930. A gbọ́. Ṣé Ceriani fi ẹsẹ̀ lásán gbá a lórí iyanrìn ọ̀sán gangan rí?

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni òfin wọn. Èèyàn márùn-ún márùn-ún, aṣọ́lé wà nínú rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú, ìsinmi, ogún ìṣẹ́jú. Bí bọ́ọ̀lù bá sì ti jáde, wọ́n á dá aago dúró. Aago o! Níbí, oòrùn ni aago wa. Bó bá wọ̀, eré parí. Bí ìyá ẹnì kan bá sì fi gbogbo oríkì rẹ̀ pè é láti ìdí ààrò ẹja, tonítọ̀hún ti parí ṣáájú oòrùn.

Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin péré ni wọ́n ń fún ẹni tó fẹ́ dá bọ́ọ̀lù padà sínú eré. Mẹ́rin! Ẹ̀gbọ́n wa kan wà níbí, kó tó gbá tirẹ̀ wọlé, á kọ́kọ́ fa ṣòkòtò sókè, á kí àwọn ìyá tó ń ti ọjà bọ̀, á béèrè iye tí wọ́n ń ta ọ̀bọ̀kún, á ní ó ti wọ́n jù, ìgbà náà ló máa tó rántí pé bọ́ọ̀lù wà níwájú òun.

Fọ́ọ̀lù wọn tún wá di ìṣirò. Bí ẹgbẹ́ kan bá ṣe márùn-ún ní ìdajì eré, láti orí ẹ̀kẹfà, alátakò lè gbé bọ́ọ̀lù sí mítà mẹ́wàá sí ojú ilé, kí ẹnikẹ́ni má dúró níwájú rẹ̀ àfi aṣọ́lé. Ẹ gbé òfin yẹn wá síbí, kí omi gaàrí tó tutù, a ti pé mẹ́rìnlá. Lọ́dọ̀ tiwa, fọ́ọ̀lù kì í ṣe fọ́ọ̀lù àfi bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ. Bó bá sì yọ, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ àná ni.

Ojú ilé wọn fẹ̀ ní mítà mẹ́ta, ó ga ní méjì, igi wà lókè rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ba eré jẹ́! Igi yẹn ló pa àríyànjiyàn. Lọ́dọ̀ wa, bí bọ́ọ̀lù bá gba orí aṣọ́lé kọjá, apá kan á ké pé "Ó ti ga!", apá kejì á ní "Gólì ni!", wọ́n á wá ní kí aṣọ́lé na ọwọ́ sókè ká fi wọ̀n ọ́n. Mo ti rí aṣọ́lé kan tó gùn bí òpó iná, lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó nawọ́, ọwọ́ rẹ̀ ò kọjá etí.

Ẹ má rò pé mo ń yìn wọ́n o. Líìgì tí ẹgbẹ́ kan gbà lẹ́ẹ̀mẹsàn-án léraléra, ṣé líìgì nìyẹn àbí ogún bàbá? Nagoya Oceans ni mo ń bá wí. Láti ọjọ́ tí líìgì ti bẹ̀rẹ̀, wọn ò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan ife, títí Shriker Osaka fi já a gbà ní sáà 2016 sí 2017. Sáà kan péré ni Nagoya fi sinmi, wọ́n tún gbà á padà. Níbí, ẹgbẹ́ tó bá gbá sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tí kò jáde, ọmọ tó ni bọ́ọ̀lù á gbé e sábẹ́ abíyá, ó di ilé. Òun ni FIFA wa. Nagoya ì bá ti máa gbá afẹ́fẹ́.

"Oceans" tí wọ́n ń jẹ́ yẹn, òkun ló túmọ̀ sí, inú ilé tí òjò ò lè rọ̀ dé ni wọ́n sì wà! Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń nà ló jẹ́ pé ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti ń bọ̀ wá gbá bọ́ọ̀lù, nígbà tí Nagoya ń fi bọ́ọ̀lù nìkan jẹun. Wọ́n tún lọ gbé agbábọ́ọ̀lù Ricardinho wá láti Portugal. Àánú àwọn yòókù ṣe mí. Wọ́n jọ àwọn tiwa tó ju àwọ̀n kílẹ̀ tó mọ́, tí wọ́n wá ń fi orúnkún tó ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́ gba bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́.

Ẹ̀yin bàbá oníkùn, ọ̀rọ̀ yín rèé. Agbábọ́ọ̀lù Jàpáànù kan, Kazuyoshi Miura, wá gbá fún Espolada Hokkaido nínú líìgì yìí ní oṣù kìíní ọdún 2012, nígbà tó ku díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún 45. Lọ́dún yẹn náà ló bá Jàpáànù lọ sí Ife Àgbáyé fútsàlì ní Thailand. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbí, bí bọ́ọ̀lù bá yí dé ẹsẹ̀ wọn níbi tí wọ́n jókòó sí, ọmọ ni wọ́n ń rán pé kó wá bá wọn gbá a padà.

Nàìjíríà náà lọ sí Ife yẹn rí, ní Hong Kong, lọ́dún 1992. Àfi bíi pé a gbàgbé ọ̀nà lẹ́yìn ìyẹn.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ìwé ni àwọn ará Jàpáànù fi jù wá lọ. Wọ́n kọ òfin, wọ́n kọ ẹni tó máa pàdé ẹni, wọ́n kọ iye gólì. Ìwé, ní Ìwòpin! Ìlú tí ìjọba àpapọ̀ gbé iléeṣẹ́ ìwé wá láti àwọn ọdún 1970! Orí iyanrìn ni àwa kọ orúkọ ẹgbẹ́ tó kàn sí, omi ọ̀sà sì ti gun òkè wá pa á rẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ mẹ́ta fi ń sọ pé àwọn ló kàn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ ojú omi: bí ẹ bá rí bọ́ọ̀lù funfun kan tí awọ rẹ̀ ti ń bó, tó ń léfòó lọ sí apá Ẹ̀pẹ́, tiwa ni. Ẹ bá wa mú un bọ̀ kí oòrùn tó wọ̀.