Ẹ̀kọ́ Lórí Ìjókòó

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ fi fóònù sílẹ̀, ẹ tẹ́tí. Ọ̀rọ̀ ìjókòó ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ayé tí ẹ ń wò yìí, ìjókòó ló bà á jẹ́, ìjókòó náà ló máa tún un ṣe, ẹ̀rí mi sì wà ní Amẹ́ríkà, lórí àga ìròyìn ìrọ̀lẹ́ ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn CBS.

Douglas Edwards ló kọ́kọ́ fìdí kan àga náà ní 1948. Ìṣẹ́jú 15 péré ni ìròyìn nígbà yẹn. Ẹ kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, àbí? Ẹni tó bá jókòó jẹ́jẹ́, ta ní máa ń ròyìn rẹ̀? Ní 1962, àga bọ́ sọ́wọ́ Walter Cronkite, ọkùnrin onírunmú tí ohùn rẹ̀ dà bíi ti bàbá ìyàwó. Oṣù kẹsàn-án 1963 ni ìròyìn di ìṣẹ́jú 30. Ààrẹ Kennedy gan-an ló bá a fọ̀rọ̀ wérọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò pé oṣù mẹ́ta, Cronkite yìí kan náà ló túfọ̀ Kennedy. Ó bọ́ awò ojú, ó wo aago, ó dá awò padà sójú, ó gbé itọ́ mì, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ṣé ẹ rí i pé kò dìde? Mélòó nínú yín ni Arsenal máa pàdánù tí kò ní fi oúnjẹ sílẹ̀?

Nígbà tó ti Vietnam dé ní 1968, ó ní ogun tí Amẹ́ríkà ń jà níbẹ̀ kò ní í lójú, kí ìjọba lọ dúnàá-dúrà. Ìjókòó náà ni!

Ẹ wá wo Dan Rather, tó gba àga ní oṣù kẹta 1981. Ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 1987, Miami ló ti fẹ́ ka ìròyìn, nítorí Póòpù tó wá síbẹ̀. Wọ́n ní kó ní sùúrù, pé tẹ́níìsì tí Steffi Graf ń bá Lori McNeil gbá kò tíì parí. Inú bí bàbá. Ó dìde, ó lọ pe àwọn ọ̀gá ní New York. Àfi gbàà! Tẹ́níìsì parí, wọ́n já sí ìròyìn, kò séèyàn lórí àga. Odindi ìṣẹ́jú mẹ́fà ni tẹlifíṣàn fi dúdú. Ìbínú kò da nǹkan fún ni, ẹ̀yin èèyàn mi!

Ní 1993 wọ́n ní kí Connie Chung wá bá a jókòó. Ìdí méjì, tábìlì kan: ọdún méjì ni, obìnrin náà lọ. Rather alára fi àga sílẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta 2005, ọdún 24 géérégé sí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gbé ìwé kan jáde nípa iṣẹ́ ológun Ààrẹ Bush tí wọn kò rí ẹ̀rí tì í lẹ́yìn. Katie Couric dá jókòó síbẹ̀ ní 2006. Ẹlòmíràn nínú àwọn tó tẹ̀lé e, kí tìmùtìmù tó mọ ìdí rẹ̀ ló ti dìde. Jeff Glor kò lò tó ọdún méjì.

Mo ti sọ tèmi. Ẹni tó wà lórí àga mi níwájú tẹlifíṣàn yẹn, kó yáa dìde, ìròyìn ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.