Wọ́n Fẹ́ Mọ̀ Bóyá Mo Ti Kú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ojú mi dáadáa. Ṣé mo jọ òkú? Ó yẹ kí n béèrè, torí lọ́dọọdún ni ìwé ń ti Faransé wá bá mi ní Sakin níbí, nílùú Ṣábẹ ní Benin, pé kí n mú ẹ̀rí wá pé mo ṣì wà láàyè. Bí mi ò bá fèsì lásìkò, owó ìfẹ̀yìntì dúró nìyẹn.

Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Àwọn ará wa tó fẹ̀yìn tì ní Nàìjíríà náà ń ṣe irú rẹ̀ lọ́dọ̀ PTAD, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń san owó ìfẹ̀yìntì wọn, "I Am Alive" ni wọ́n ń pè é. Ohun tó ń dùn mí ni pé gbogbo wọn ló fẹ́ mọ̀ bóyá mo wà láàyè, kò sí ẹyọ ẹnìkan tó bi mí pé kí ni mo fi ń wà láàyè.

Lọ́dún tó kọjá, mo gbé fọ́ọ̀mù náà lọ sí ọ́fíìsì kan kí wọ́n bá mi lu òǹtẹ̀ sí i. Mo sọ fún ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì pé, "Ọmọ mi, bá mi jẹ́rìí pé mi ò tíì kú."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní ọ̀gá tó ń fọwọ́ sí i ti lọ síbi ìsìnkú. "Ẹ padà wá lọ́la, bàbá, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí yín sí."

Mo ní bí kò bá dá a sí ńkọ́? Ó ní, "Ìyẹn ní fọ́ọ̀mù tiẹ̀ lọ́tọ̀."

Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní Páríìsì. Mo gbálẹ̀, mo ru sìmẹ́ńtì, mo ṣọ́ ilé olówó lóru. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó ìlera lára owó mi. Nígbà tí mo ń bọ̀ wálé, mo tọ́jú Carte Vitale mi, káàdì ìlera aláwọ̀ ewé yẹn, sínú àpò àyà bí oǹdè. Lọ́hùn-ún, bí mo bá ti gbé e sílẹ̀ ní ilé oògùn, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo délé, ẹ̀jẹ̀ mi ru dé 18. Mo gba ilé ìwòsàn kékeré kan lọ, mo sì fi káàdì lélẹ̀ bí ìjòyè. Nọ́ọ̀sì yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Bàbá, ṣé ti báǹkì ni?" Mo ní ó ju ti báǹkì lọ. Ó dá a padà pẹ̀lú bébà pélébé kan: kí n lọ ra ìwé ìtọ́jú, ìbọ̀wọ́, abẹ́rẹ́ àti òwú, kí n tó wá jókòó. Kí n tó rí ṣéńjì gbà, ẹ̀jẹ̀ ti di 19.

Kì í ṣe pé Faransé gbàgbé wa pátápátá o. Àwa tí a gba káàdì ìgbélùú ọlọ́dún mẹ́wàá ti àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì, tí a sì ti dáwó fún ọdún 15 ó kéré tán, wọ́n á tọ́jú wa bí a bá padà lọ kí wọn. Àmọ́ àìsàn tí kò ṣeé fi di ọ̀la nìkan ni o. Ẹ̀jẹ̀ ríru tèmi ti pé ogún ọdún, a ti jọ dàgbà. Ta ni n óò purọ́ fún pé inú ọkọ̀ òfuurufú ló ti kọ lù mí?

Síbẹ̀, wọn ò yé yọ owó. Nínú ọgọ́rùn-ún yúrò owó ìfẹ̀yìntì tó ń bọ̀ nílé, yúrò 3.20 ń lọ fún ìlera. Ẹni tó ń gba 600, 19.20 ti lọ. Yúrò kan jẹ́ 655.957 sẹ́fà, ẹ ṣírò rẹ̀, ó lé ní 12,500 sẹ́fà lóṣù. Mò ń sanwó ọbẹ̀ ní Páríìsì, mo sì ń jẹ ẹ̀bà lásán ní Sakin.

Ìjọba Benin ní ètò ìlera tí wọ́n ń pè ní ARCH, àwọn tálákà paraku ni wọ́n sì fi ṣáájú. "Ará Páríìsì" ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Àbúrò mi tiẹ̀ ní kí n ra mọ́tò fún òun. Ta ló máa kọ orúkọ mi mọ́ tálákà?

Bí dókítà bá wá ní kí n lọ yẹ ọkàn wò ní Kútọnu, ó lé ní 200 kìlómítà. Rélùwéè tó gba ìlú wa kọjá lọ sí Parakou kò kó èrò mọ́. Táksí ló kù, èèyàn mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà ọkàn, mo ti ń wá oníṣègùn eegun.

Ìyàwó mi ní kí n yé ráhùn, kí n mu àgbo mi. Ó ní ṣebí atẹ́gùn òkè Ṣábẹ ni mo ní mò ń bọ̀ wá gbà. Òótọ́ ni. Atẹ́gùn náà dára, òun nìkan ni wọn ò sì tíì gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Fọ́ọ̀mù ọdún yìí ti dé. Mo gbé e padà lọ sí ọ́fíìsì lánàá. Bí ọmọbìnrin yẹn ṣe rí mi, ó bú sẹ́rìn-ín: "Háà, bàbá! Ẹ ṣì wà!"

Mo ní, "Mo wà, ọmọ mi. Owó àpò mi ni mo fi wà."

Ó lu òǹtẹ̀ gbì. Ó ní 500 sẹ́fà ni.